Méjì Nínú Mẹ́wàá fún Ìgbálẹ̀ Tí Ọmọ Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi yìí jáde o, torí tí mi ò bá sọ ọ́, inú mi lè bẹ́! Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo ti gbé e kúrò lọ́kàn, àfi bó ṣe tún jí padà lánàá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ lórí pèèjì yìí ti mọ Ìrètí, ọmọbìnrin mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, kíláàsì kẹrin ló wà ní ilé ìwé aládàáni kan ní Bódìjà. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí o, ọmọ mi ṣì wà níbẹ̀ ni! Agbowó là ń gbé, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ring Road. Tẹ́ ẹ bá mọ Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn kékeré ni mò ń rìn láràárọ̀.

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tí táàmù bá ń parí lọ, tíṣà á ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan wá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ìgbálẹ̀, abẹ̀bẹ̀, ìkòkò amọ̀, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fún un ní máàkì, máàkì yẹn á sì wọ inú ìwé èsì. Nígbà tiwa, abẹ́ igi la máa ń jókòó sí tá a bá ń ṣe é. A máa ń jà, a máa ń jí ọwọ̀ ara wa, tíṣà á nà wá, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ti ìsinsìnyí ńkọ́? Tó bá ku ọ̀la ni ọmọ máa tó rántí, ìyá á sáré dé ọjà, ó parí!

Ní táàmù tí mò ń sọ yìí, ìgbálẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n mú wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìrètí ṣe dáadáa, ọjọ́ Ajé ló ti sọ fún mi. Mo ní kò séwu. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo yà sí ọjà Bódìjà, mo ra ìgbálẹ̀ kan tó gùn, tó rí rẹ́gí, mo tì í bọ inú báàgì mi. Lójú tèmi, iṣẹ́ ti tán.

Àṣé iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀! Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Láti Ṣakí ni wọ́n ti wá, nítorí ojú tó ń dùn wọ́n, tí wọ́n fẹ́ fi han dókítà. Màmá Ṣakí ni gbogbo wa ń pè wọ́n nínú ilé. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í bá mi jà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń wo nǹkan tí wọn ò sọ̀rọ̀, kí èèyàn tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Wọ́n wo ìgbálẹ̀ náà, wọ́n wò mí. Wọ́n bi mí pé ta ni tíṣà ní kó ṣe ìgbálẹ̀ gan-an, ṣé ọmọ ni àbí ìyá tó ń tà á lọ́jà? Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní Màmá, báyìí ni gbogbo ayé ń ṣe é níbí o.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "tí wọ́n bá ní kó jẹun, ṣé wàá lọ wá ẹni tó máa bá a jẹ ẹ́?"

Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọ̀pẹ kan wà lẹ́yìn ilé wa. Lándílọ́ọ̀dù ti ní kí wọ́n gé nínú imọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn torí pé ó ń kan wáyà iná, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Màmá Ṣakí lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n pe Ìrètí. Oríkì rẹ̀ ni wọ́n fi máa ń pè é, wọn ò mọ orúkọ mìíràn.

"Àjọkẹ́, bọ́ yúnífọ́ọ̀mù ẹ, kó o wá jókòó tì mí."

Ni wọ́n bá gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́!

Ẹ̀yin èèyàn mi, àyà mi já. Ọmọ tí mi ò tíì jẹ́ kó gé àlùbọ́sà rí! Mo ní Màmá, ó máa gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ o. Wọ́n ní tó bá gé e, á san. Wọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ, àmọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé òun ní àtẹ́lẹwọ́. Mo wọlé lọ, mi ò lè dúró wò ó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà lẹ́nu rẹ̀. Tí Ìrètí bá ti ti ilé ìwé dé, tó jẹun tán, ó di ẹ̀yìnkùlé. Á já ewé kọ̀ọ̀kan kúrò lára imọ̀, á fi ọ̀bẹ fá a títí á fi ku igi tẹ́ẹ́rẹ́ àárín rẹ̀. Òmíì á já sí méjì. Òmíì, ewé á ṣẹ́ kù lára rẹ̀ káàkiri. Ẹ sì wò ó, Màmá Ṣakí kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Tiwọn ni wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ojú tí kò ríran dáadáa, kí ọmọ náà lè máa wo ọwọ́ wọn. Wọ́n sá èyí tí wọ́n ti fá sóòrùn. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó kó tirẹ̀ jọ, ó fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀ kó lè dọ́gba, ó wá fi okùn so ó.

Kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín, kò dọ́gba rárá! Apá kan gùn, apá kan kúrú, ó tún tẹ̀ sọ́tùn-ún díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ẹ rí ojú ọmọ yẹn! Ó gbé e kiri gbogbo ilé. Ó gbá yàrá, ó gbá pálọ̀, ó tún gbá ibi tí mo ti gbá tẹ́lẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, kò jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa tó fi ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ wọn sókè kóun gbá abẹ́ rẹ̀. Ọ̀bẹ ti ha á lọ́wọ́ díẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì ti bó níbì kan. Mo fi oògùn sí i, kò tiẹ̀ ké. Ohun tó ń tẹnu mọ́ kò ju ẹyọ kan lọ:

"Mọ́mì, èmi ni mo ṣe é o!"

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé e lọ sí ilé ìwé. Èyí tí mo rà, mo fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, Ìrètí kò sáré pàdé mi. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Ṣakí, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Màmá na ìwé rẹ̀ sí mi. Wọ́n ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún àwọn, torí àwọn ti bẹ ọmọ náà títí, ó kọ̀, kò kà á.

Mo ṣí i. Báírò pupa! Méjì nínú mẹ́wàá. Lábẹ́ rẹ̀, tíṣà kọ ọ́ pé kò mọ́, kò dọ́gba, kí màmá rẹ̀ jọ̀ọ́ ra ìgbálẹ̀ tó dáa fún un nígbà mìíràn.

Ẹ tún un kà o! Kí màmá rẹ̀ RÀ Á! Tíṣà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ó buwọ́ lù ú, ó tún kọ déètì sí i! Nínú ìwé iṣẹ́ ọwọ́!

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìyókù lẹ́nu ọmọ mi. Tíṣà ní kí gbogbo wọn to ìgbálẹ̀ wọn síwájú kíláàsì. Ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Tèmítọ́pẹ́, gba mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í lọ́jà. Nígbà tó kan Ìrètí, tíṣà gbé tirẹ̀ sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i, ó wá bi wọ́n pé kí lèyí? Ọmọ kan ní ìgbálẹ̀ onírùngbọ̀n ni, torí àwọn ewé tó kù lára rẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà bá wọn rẹ́rìn-ín! Ìrètí ní òun ló fọwọ́ ara òun ṣe é. Tíṣà ní ta ló ní kó ṣe é?

Ta ló ní kó ṣe é? Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi dá sí i! Ṣé kì í ṣe òun náà ló ní kí wọ́n ṣe é ni?

Mo ka ìwé náà fún Màmá Ṣakí. Mo fo ibi tí wọ́n ti ní kí n ra òmíràn, ẹnu mi ò lè sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọn ò bínú. Wọ́n mú ọwọ́ ọmọ náà, wọ́n ń fi ìka wọn pa ibi tó bó, wọ́n wá bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé àwọn ni àwọn ò kọ́ ọ dáadáa ni?

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dá kún ìbínú mi. Ìyá tó ti ń ṣe ìgbálẹ̀ kí wọ́n tó bí tíṣà náà! Ìyá yẹn ló jókòó sí pálọ̀ mi tó ń bi mí bóyá òun ò mọ ìgbálẹ̀ ṣe!

Ní gbogbo Sátidé àti Sọ́ńdè, ṣe ni mò ń dá sọ̀rọ̀. Mò ń ro àmàlà, mò ń bá tíṣà jà nínú ọkàn mi. Ọkọ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé ìgbálẹ̀ ò ní kí ọmọ má di dókítà. Mo ní ta ló ń sọ̀rọ̀ dókítà? Ọmọ tó ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, èyí tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, ṣé ọmọ yẹn á tún fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ láyé ẹ̀? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ọkọ mi kàn yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ tí mo bá ń lọ sí báǹkì ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò wá ṣeré.

Àǹtí Fọláṣadé ni tíṣà Ìrètí ń jẹ́. Ọmọdébìnrin ni, mi ò rò pé ó tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó kí mi dáadáa, ó tẹ orúnkún, ìyẹn sì fẹ́ mú ìbínú mi rọ̀. Mo sọ nínú ara mi pé rárá o, mi ò wá gba ìkúnlẹ̀! Mo ṣí ìwé síwájú rẹ̀, mo bi í pé kí ni ìtumọ̀ ohun tó kọ sínú rẹ̀.

"Mọ́mì Ìrètí, ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ kàn wo ti àwọn tó kù fúnra yín."

Mo wò wọ́n. Wọ́n tò wọ́n sábẹ́ pátákó, wọ́n lé ní ogún. Kí n má parọ́, wọ́n rẹwà! Gbogbo wọn ga bákan náà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú ọ̀kan, mo mú èkejì, mo mú ẹ̀kẹta. Rọ́bà dúdú kan náà, irú èyí tí wọ́n ń gé lára tíúbù táyà, ló wà nídìí wọn, kókó kan náà ni wọ́n sì ta sí i. Mo mọ rọ́bà yẹn. Òun náà ló wà nídìí èyí tí mo rà.

"Àǹtí, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo ìgbálẹ̀ yìí," mo ní. "Ẹ kúkú kọ orúkọ ìyá onígbàálẹ̀ sínú réjísítà! Òun ló gba ipò kìíní nínú kíláàsì yín!"

Ohùn mi ti lọ sókè, àwọn ọmọ ti ń yọrùn. Àǹtí fà mí sí kọ̀rọ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Mà, ẹ jẹ́ n bi yín. Abẹ̀bẹ̀ tí Ìrètí mú wá ní táàmù tó kọjá, ta ló ṣe é?"

Háà!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó wù mí kí n fi apá ibí yìí pamọ́ fún yín. Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tún un kọ. Èmi ni mo ra abẹ̀bẹ̀ yẹn. Ìrètí ò fọwọ́ kàn án títí ó fi wọ inú báàgì rẹ̀. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ló gbà! Mo gbóríyìn fún un, mo ra áísìkirímù fún un, mo ya fọ́tò èsì rẹ̀, mo gbé e sí státọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin kan níbí bá mi yọ̀, ẹ ní ọmọ náà lọ́pọlọ!

"Ẹ ò wá bá mi nígbà yẹn, mà," Àǹtí ní. "Mo mọ̀ pé ẹ rà á. Gbogbo wọn ló rà á. Tí mo bá fún wọn ní òdo, àwọn òbí á ti kún ọ́fíìsì H.M. kí n tó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Ojú tì mí, ìbínú ò sì tíì kúrò. Òótọ́ lọ́rọ̀ tó sọ. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ yẹn ló ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín? Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ tèmi, kó fi bi mí, mo jẹ̀bi. Ẹ̀rín tó rín ńkọ́? Ẹni kan ṣoṣo tó ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe, òun náà ló fi rẹ́rìn-ín!

Ó wolẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó dun ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀.

Mi ò dúró síbẹ̀. Mo kọjá sí ọ́fíìsì H.M., ìyẹn ọ̀gá ilé ìwé, Àǹtí sì tẹ̀ lé mi. Ìyá àgbàlagbà ni H.M., tíṣà àtijọ́ ni wọ́n, irú àwọn tí ọmọ máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró bàtà wọn. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wa tán, wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn òbí ń wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ ti sún mọ́lé, àwọn ò lè gbé ìgbálẹ̀ tó tẹ̀ síwájú àlejò. Mo ní Mà, ẹ dákun, ṣé ìgbálẹ̀ lẹ fẹ́ fi han àlejò ni, àbí ọmọ? Mo ní kí wọ́n pe èyíkéyìí nínú àwọn tó gba mẹ́wàá, kí wọ́n bi í léèrè.

Tèmítọ́pẹ́ ni wọ́n pè. Kí n tètè sọ ọ́, ọmọ dáadáa lọmọ yẹn o, kò sí ẹ̀bi tirẹ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

"Níbo ni wọ́n ti ń rí ìgbálẹ̀?" H.M. bi í.

"Ọjà Bódìjà, mà."

"Mo mọ̀. Níbo ló ti ń wá kó tó dé ọjà?"

Ọmọ náà ronú, ó ń wo òkè àjà.

"Inú ọkọ̀ ńlá ni, mà. Mo rí i níjọ́sí tí wọ́n ń já a sílẹ̀."

Ó ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ò wá. Ọmọ tó gba mẹ́wàá nínú ìgbálẹ̀, kò mọ̀ pé ara igi ló ti ń wá! Àǹtí ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. H.M. ní kí wọ́n lọ pe Ìrètí.

Bó ṣe wọlé tó rí mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó rò pé òun ló ṣẹ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe ìyá òun. H.M. bi í ní ìbéèrè kan náà.

"Ara ọ̀pẹ ni, mà," ó ní. Ẹ ò lè gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. "Ẹ máa já ewé ẹ̀, ẹ máa fá a. Ẹ ò gbọdọ̀ tẹ ọ̀bẹ jù, á já. Tó bá ṣì tutù, ẹ ò ní so ó. Ẹ máa kọ́kọ́ sá a, torí tó bá gbẹ ó máa ń tín-ín-rín sí i, okùn á wá dẹ̀."

Mi ò mọ èyí! Èmi tí mo jẹ́ ìyá rẹ̀, tí mo ti ń gbálẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú, mi ò mọ̀ pé ìdí tó fi yẹ kéèyàn kọ́kọ́ sá a nìyẹn.

H.M. ní kó na ọwọ́ rẹ̀ sí àwọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ náà na ọwọ́ kan, ó sì di ojú rẹ̀ pa! Ó rò pé wọ́n fẹ́ fi pàṣán nà án ni. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀ yẹn, mi ò lè pa á mọ́ra. H.M. wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, wọ́n wo ibi tó bó, wọ́n ní kó padà sí kíláàsì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá ẹjọ́. Wọ́n ní Àǹtí máa tún máàkì Ìrètí ṣe. Wọ́n ní láti táàmù tó ń bọ̀, inú kíláàsì ni àwọn ọmọ á ti máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́, lójú tíṣà. Àǹtí ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mo dúpẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin! Nínú táksí tó gbé mi lọ sí Ring Road, ṣe ni mò ń rẹ́rìn-ín sí ara mi.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀!

Ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ pé, mo débẹ̀. Wọ́n ti fi ríbọ́ọ̀nù so gbogbo ìgbálẹ̀ onírọ́bà wọ̀nyẹn, wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹ̀bùn ìyàwó. Mo wá ti Ìrètí títí, mi ò rí i. Obìnrin tó ń tọ́jú ọgbà ilé ìwé ló wá sọ fún mi pé ọwọ́ òun ló wà, òun ló fi ń gbá ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́. Ó ní ìgbálẹ̀ náà lágbára gan-an, kì í yọ. Kò sọ ọ́ láti fi bú mi o, ṣe ló ń yìn ín!

Ìwé èsì dé ní ìparí táàmù. Iṣẹ́ ọwọ́: méjì. Mo pe Àǹtí lórí fóònù. Ó ní wọ́n ti tẹ máàkì sínú kọ̀ǹpútà kí H.M. tó sọ̀rọ̀, pé wọ́n máa tún un ṣe. Títí di òní tí mò ń kọ eléyìí, méjì ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí táàmù tuntun bẹ̀rẹ̀, H.M. kọ ọ́ sí gúrúùpù WhatsApp àwọn òbí pé ìkòkò amọ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ kíláàsì kẹrin, inú kíláàsì ni wọ́n á ti mọ ọ́n, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kàn mú amọ̀ díẹ̀ dání. Inú mi dùn! Ẹ wá wo ogun. Bàbá kan ní òun ò san owó ilé ìwé kí ọmọ òun lè wá máa fi ẹrẹ̀ ṣeré. Ìyá kan ní ara ọmọ òun kì í gba ìdọ̀tí. Ẹlòmíì ní kí wọ́n fi àkókò yẹn kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Mo kọ̀wé gbọọrọ síbẹ̀, mo ṣàlàyé títí ọwọ́ fi ro mí. Èèyàn méjì ló fi àtàǹpàkò sí i. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, H.M. tún kọ̀wé pé nítorí ẹ̀bẹ̀ àwọn òbí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ìkòkò tó ti parí wá láti ilé.

Ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Màmá Ṣakí ti padà sílé wọn. Lánàá, mò ń ṣa ìrẹsì nígbà tí Ìrètí wọlé wá bá mi.

"Mọ́mì, ẹ má gbàgbé láti bá mi ra ìkòkò mi o. Ẹ bá mi ra èyí tó dán."

Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, bí ìgbà tó ń rán mi létí ìwé àti pẹ́ńsù. Mo gbé ìrẹsì sílẹ̀. Mo ní a ò ní rà á. Mo ní mo mọ ibi tá a ti lè rí amọ̀ gidi, pé lọ́jọ́ Sátidé a jọ máa lọ wà á, a jọ máa pò ó, òun ló sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Mò ń sọ̀rọ̀, mò ń ju ọwọ́, inú mi ti ń dùn.

Ó wò mí. Kò sunkún, kò sì bínú.

"Ṣé kí n tún gba méjì ni?"

Mo ní kó lọ ṣe họ́mùwọ̀kì rẹ̀.

Láti àná ni mo ti ń rò ó. Ọmọ mi ti kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà tán! Ó ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́, ohun tó dán ni wọ́n ń wò. Kì í ṣe Àǹtí nìkan ló kọ́ ọ o. Lọ́jọ́ tí mo ra abẹ̀bẹ̀ tí mo fi pọ́n ọn lé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ohun tá a bá ń ṣe fún ọmọ kó lè gba mẹ́wàá, ẹ jẹ́ ká máa wò ó dáadáa, torí ìgbà tó bá yá, ohun náà lọmọ á mú dání tí máàkì á sì ti di ohun ìgbàgbé. Ẹ̀yin tíṣà tẹ́ ẹ wà níbí, mo mọ̀ pé àwọn òbí ń dà yín láàmú. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa gbà wá láyè, ẹ má fi ọmọ tó gbìyànjú rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa gba ìkòkò. Ẹ̀yin tírú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá ka gbogbo rẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé kí n yọ ọ́ kúrò nílé ìwé náà, òmíì tí màá mú un lọ ò yàtọ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: tó bá jẹ́ ọmọ yín ló dúró síwájú yín tó bi yín bẹ́ẹ̀, kí lẹ máa sọ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, torí ó ṣì ń retí èsì mi.